Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ yín báyìí tí ẹ ò fẹ́ kó tán?

Télọ̀ Òṣogbo

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi kí oníkálùkù tó sọ tirẹ̀.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Òṣogbo, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí maṣíìnì oníná dákẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ la máa ń kó jáde: ká gán bọ́tìnnì, ká fi húùkù sí bùláọ̀sì, ká tú èyí tí wọ́n rán ṣì. Tẹ́lẹ̀, fóònù ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ á wá falẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo rí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ nínú àpótí bàbá mi olóògbé. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ikán ti jẹ etí rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pé. Mo gbé e fún èyí tó kéré jù nínú wọn, mo ní kó máa kà á sókè fún wa bí a ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kìíní, ṣe ló ń kọsẹ̀. Ó ń mú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Àmọ́ nígbà tó dé ibi tí bàbá Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, ti yìnbọn lu ẹran tó ń jẹ ilá lóru, tó wá bá ìyàwó ara rẹ̀ nílẹ̀, apá kan ènìyàn, apá kan ẹran, kò sẹ́ni tó gán bọ́tìnnì mọ́. Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ gbogbo wa. Oníbàárà kan tó wá gba ìró àti bùbá rẹ̀ jókòó tì wá, kò béèrè aṣọ mọ́ títí ibẹ̀ fi parí. Ọjọ́ tí a sì ka ìjà Àgbákò olójú 16, iná dé, a ò mọ̀. Ìgbà tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ la tó gbójú sókè.

Àwọn ọdẹ inú ìwé náà ti dé Òkè Lángbòdó báyìí, ilé Ìrágbèje ọlọ́gbọ́n la wà. Mi ò ní parọ́, ibẹ̀ falẹ̀ létí àwọn ọmọ yìí. Ìmọ̀ràn pọ̀ níbẹ̀, ìjà ò sí. Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Kí lẹ̀yin ń kà tó ń dùn mọ́ yín? Kí la tún lè kà lẹ́yìn èyí? Kó sáà ti ṣeé kà sókè, torí àwọn mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ẹnì kan ló ń kàwé.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Orí àwọn ọmọ tó o ń kọ́ yẹn á gbè ọ́.

Èmi náà ò tíì kúrò lọ́dọ̀ Fágúnwà. Igbó Olódùmarè, èyí tó jáde lọ́dún 1949, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi. Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn tó yìnbọn lóru ọjọ́ yẹn, ni ìtàn ibẹ̀ dá lé lórí. Bí àwọn ọmọ rẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí bàbá náà jẹ́ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Mo ti kà á tó ìgbà márùn-ún, mo sì tún ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá Onírùngbọ̀n Yẹ́úkẹ́ báyìí. Ní òwúrọ̀ kùtù ni mo máa ń kà á, kí ojú mi tó rẹ̀.

Ní ti ilé Ìrágbèje, mo gbọ́ ohun tó o sọ, n kò sì bá ọ jiyàn. Àmọ́ rántí pé tíṣà ló kọ ìwé yẹn. Ọmọ Òkè-Igbó ni, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ló lọ. Ìdíje ìwé kíkọ tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ṣe lọ́dún 1936 ló kọ ọ́ fún, ó sì di ìwé títẹ̀ lọ́dún 1938. Ọ̀nà méjèèjì ló ń rìn: ó fẹ́ kí ara ọmọdé bù máṣọ, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà padà sílé pẹ̀lú ọgbọ́n. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n ka ilé Ìrágbèje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ kan, ìmọ̀ràn kan, bí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe fún wọn. Kí ọmọ tó ń kà á sì rọra, kó máa kà á bí àgbà tó jókòó sórí àga, tí kò kánjú lọ síbì kan. Wàá rí i pé wọ́n á gbọ́.

Lápàdé Kejì

Tíṣà, ẹ kú òwúrọ̀ sà. Àǹtí Télọ̀, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí ti sọ tèmi. Ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe fóònù ni mo ní, ní Ìbàdàn. Mo ti ka Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tán, èyí tó jáde lọ́dún 1969, mo sì wọnú Àgbàlagbà Akàn tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1971. Lápàdé kan náà ló wà nínú méjèèjì, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tí iṣẹ́ náà kò fi òun sílẹ̀. Ohun tó mú mi níbẹ̀ ju ìlépa olè lọ ni bí wọ́n ṣe ń fèsì fún ara wọn. Ọ̀rọ̀ á jáde lẹ́nu ẹnì kan, ẹnì kejì á ti fi òwe gbá a padà kó tó balẹ̀. Nígbà tí mo bá ń kà á, mo máa ń gbọ́ ohùn àwọn bàbá tó máa ń ta ayò níwájú ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Ẹ̀dà tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń pàtẹ ìwé lẹ́bàá títì, ayédèrú ni, mi ò mọ̀. Ojú ìwé 48 dúró ní agbede méjì gbólóhùn, mo ṣí i, 65 ni mo bá. Ojú ìwé 16 ló dàwátì. Mo padà lọ bá ẹni náà, ó ní bí wọ́n ṣe gbé e fún òun nìyẹn. Láti ọjọ́ kẹta ni mo ti gbé ìwé náà sílẹ̀. Mi ò fẹ́ fò ó, torí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Ohun tí wọ́n sọ níbi tó sọnù yẹn lè jẹ́ òun gan-an ló máa tú àṣírí lópin.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Má fò ó o. Mo ní ẹ̀dà tèmi láti ayé àtijọ́, ti Longman, ó pé. Jẹ́ kí n wá a.

Àṣàbí Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n gbé obìnrin kan wá sáàárín yín.

Sẹ̀gilọlá ni orúkọ rẹ̀, Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Lọ́dún 1929, ìwé ìròyìn kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ Akéde Èkó, Isaac B. Thomas ló ni ín. Lẹ́tà kan jáde nínú rẹ̀ láti ọwọ́ obìnrin àgbà kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, tó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí òun fi ẹwà òun ṣe nígbà èwe kí òun tó kú. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí wọ 1930. Gbogbo Èkó ń dúró de lẹ́tà yìí. Àwọn kan kọ̀wé bá a kẹ́dùn, àwọn kan fi owó ránṣẹ́ sí i fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Sẹ̀gilọlá kò sì sí rárá! Thomas fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, ó kó o pọ̀ di ìwé lọ́dún 1930. Ọdún mẹ́jọ gbáko rèé ṣáájú Ògbójú Ọdẹ tí ẹ ń sọ yìí.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni èyí tí Karin Barber tún gbé jáde lọ́dún 2012, Yorùbá wà lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì wà lápá kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, mo sì tijú ara mi ní ọjọ́ kejì, mo bo apá yẹn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìpè ìgbéyàwó kan. Yorùbá àwọn ará Èkó ayé ìgbà yẹn ni, ó gùn, ó ń yí, ó ń kọ orin sáàárín ọ̀rọ̀, orin ìyìn ìjọ àti orin ìgboro. Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: bó bá ń ronú pìwà dà, tó ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ó kàn rí i pé ìrántí ti gbé e lọ, ó ti ń sọ bí aṣọ ṣe bá a mu lọ́jọ́ náà, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló máa rántí pé ẹkún ni òun ń sun, á tún padà síbẹ̀. Ẹnu ìyá mi àgbà kan, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi, ni mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn rí.

Àǹtí Télọ̀, lẹ́tà lẹ́tà ni ìwé náà. Lẹ́tà kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà tí wọn ò fi ní iná lẹ́ẹ̀kan.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Àṣàbí, ìwé ńlá ni, n kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ni àwọn yẹn, ọmọdébìnrin. Obìnrin tó ní ẹgbẹ̀rún ọkọ, ṣé òun ló yẹ ká fi ṣe ìtàn sí wọn létí?

Àṣàbí Ìdúmọ̀tà

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Àwọn ọmọdébìnrin gan-an ló kọ ọ́ sí. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n wo òun. Ohun tó wà nínú fóònù tí wọ́n ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Sẹ̀gilọlá kò tiẹ̀ sọ ohun kan tó burú tó o. Kò la ọ̀rọ̀ yàrá sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ jẹ́ n dá sí i, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ka Sẹ̀gilọlá, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ohun kan ń bí mi nínú níbẹ̀. Ọkùnrin ló kọ ọ́, ó fi sẹ́nu obìnrin, ó wá fi àìsàn àti òṣì jẹ ẹ́ níyà. Àwọn ọkùnrin tó gba ilé rẹ̀ kọjá ńkọ́? Wọ́n lọ sílé wọn ni. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà. Bí ẹ bá máa kà á fún àwọn ọmọ yẹn, kí ẹnì kan bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí èmi ń kà lọ́wọ́ ni Girl, Woman, Other tí Bernardine Evaristo kọ, òun àti Margaret Atwood ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Booker lọ́dún 2019. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Èèyàn 12 ló wà nínú ìwé náà, oníkálùkù ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn wọn sì so kọ́ra. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àmì ìdánudúró nínú rẹ̀ rárá. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bákan, àfi ìgbà tí mo kà á sókè nínú bọ́ọ̀sì, mo rí i pé èémí ló fi ń dúró. Bummi ni ẹni tèmi nínú wọn. Ó kàwé gboyè nínú ìṣirò ní Nàìjíríà, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ nínu ilẹ̀ ọ́fíìsì ló rí. Ọdún mẹ́fà ni èmi náà fi nu ilẹ̀ níbí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi nínú báàgì. Mo ka ibẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kó tó dé ibùdó mi, mo kàn fẹ́ rìn.

Ní ọjọ́ Sátidé, Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ ni èmi àti àwọn ìbejì ń kà. Ọmọ ọdún 9 ni wọ́n. A máa ń pe màmá mi nílé lórí fóònù, wọ́n á kà á fún un, òun á sì máa tọ́ ohùn wọn sọ́nà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Táyé pe "ọkọ̀" bí ẹni pe "ọkọ", màmá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jù fóònù sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èkó

Ẹ káàsán o. Mo fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ Tíṣà. Mo rí Ìrèké Oníbùdó ti Fágúnwà kan he níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àlòkù ní Yábàá. Wọ́n kọ "aiye", wọ́n kọ "enia", wọ́n kọ "nwọn". Ṣé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, àbí bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà yẹn nìyẹn?

Télọ̀ Òṣogbo

Ohun tó ń gbé ọmọ mi ṣubú lọ́jọ́ kìíní gan-an nìyẹn! Bàbá mi ti rà á tipẹ́ ni. Ó ń pe "nwọn" pẹ̀lú "n" níwájú.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Kì í ṣe àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹnu wọn yàtọ̀. Ọ̀nà ìkọ̀wé tí àwọn ìjọ fi lélẹ̀ láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni wọ́n ń lò, òun náà ló wà nínú Bíbélì Yorùbá. Lọ́dún 1974 ni wọ́n wá fọwọ́ sí àtúntò rẹ̀: "aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "nwọn" di "wọ́n". Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ lákòókò náà. A wá ń fi bírò pupa tún ìwé àwọn ọmọ ṣe, nígbà tí ìwé tí àwa fúnra wa fi kọ́ ẹ̀kọ́ ṣì wà ní ti àtijọ́ nínú àpótí. Kó o kan jẹ́ kí ojú rẹ kọjá lórí rẹ̀, kí ẹnu rẹ pè é bó o ṣe ń pè é nílé. Lẹ́yìn ojú ìwé 10, o ò ní rí i mọ́.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú ìjókòó. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé, ní Benin. Faransé ni mo fi kàwé láti kékeré, Yorùbá ilé ni mo ń sọ. Níbi tí wọ́n ti kọ́ wa ní kíkà Yorùbá, ɛ àti ɔ la ń kọ, kì í ṣe èyí tó ní àmì nísàlẹ̀, "sh" la ń kọ níbi tí ẹ̀yin ń kọ "ṣ", "kp" níbi tí ẹ ń kọ "p". Nítorí náà ìwé yín gbogbo ni ó rí bí ìwé àtijọ́ lójú mi!

Kúyẹ̀ ni mò ń kà, ti Ọdúnjọ kan náà, ọdún 1964 ló jáde. Ọmọ tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀ ni, tí àwọn ẹbí ń fi ojú rẹ̀ rí màbo. Mo ní àbúrò kan bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń kà á. Ó ní ọjọ́ tí ojú ìwé kan péré ti tó.

Àdùkẹ́ Bàhíà

Ẹ kú alẹ́ láti Salvador, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ibí ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́.

Èyí tí mò ń kà kì í ṣe Yorùbá, Potogí ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ ẹni tó ń sọ ìtàn náà: Kẹ́hìndé. Ana Maria Gonçalves ló kọ ọ́, Um defeito de cor ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé "àbùkù àwọ̀". Ọdún 2006 ló jáde, ó ju ojú ìwé 900 lọ. Inú òfin àtijọ́ ni orúkọ yẹn ti wá: bí aláwọ̀ dúdú bá fẹ́ di àlùfáà tàbí kó gba ipò ìjọba nígbà náà, ó ní láti tọrọ kí wọ́n gbójú kúrò lára àbùkù àwọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, àbùkù.

Savalou ní ilẹ̀ Dahomey ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́hìndé ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó jẹ́ àbíkú. Kòkúmọ́ ni orúkọ rẹ̀. Inú ìwé Potogí ni mo ti rí orúkọ yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọkàn mi sì já, torí ojú ìwé díẹ̀ ni wọ́n fi pa ọmọ náà. Àwọn tí a jọ ń kà á ní kíláàsì ní láti dúró kí wọ́n ṣàlàyé orúkọ náà fún wọn. Èmi ti gbé ìwé sílẹ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó Kẹ́hìndé àti Táíwò sínú ọkọ̀ ní Ouidah. Táíwò kò gúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé etíkun níbí tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún wọn kí wọ́n sì fún wọn ní orúkọ òyìnbó, Kẹ́hìndé bẹ́ sómi. Ó ní orúkọ òun tó òun.

Mo ti dé ọdún 1835 nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, àwọn ẹrú tó jẹ́ Mùsùlùmí, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, dìde ní ìlú yìí láti gba ara wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbí, "ìmàle" tiwa náà ni. Òpópónà tí wọ́n ti jà wà níbẹ̀ dòní, mo máa ń gba ibẹ̀ lọ ra búrẹ́dì. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìwé yìí, mi ò lè sáré gba ibẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ tí bàbá ọmọ tà lẹ́rú ni ó ń sọ gbogbo ìtàn náà fún, ó ń wá a. Ojú ìwé bí 300 ló kù fún mi, mo sì ti ń dín iye tí mò ń kà lójúmọ́ kù.

Àṣàbí Ìdúmọ̀tà

Àdùkẹ́, o mú mi sunkún ní ọ́fíìsì. Kòkúmọ́. Olúwa o.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Lápàdé, mo ti rí i. Abẹ́ àpò àgbàdo ló wà, ìyàwó mi ló gbé e síbẹ̀. N kò ní yá ọ lọ́wọ́ o, ọmọ mi, má bínú. Mo yá ẹnì kan tí a jọ jẹ́ olùkọ́ ní Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje lọ́dún 1983, n kò tún fojú kàn án, ọ̀rẹ́ wa náà kò sì dùn mọ́. Ṣùgbọ́n màá kà á fún ọ. Fi nọ́ńbà WhatsApp rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Láti 49 dé 64, màá fi ohùn rán an, mẹ́rin mẹ́rin.

Lápàdé Kejì

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbà mí. Bàbá ka ojú ìwé 16 náà tán, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi kà á. Wọ́n ń wúkọ́ láàárín rẹ̀, wọ́n á ní "dúró, jẹ́ n mu omi", wọ́n á tún máa bá a lọ. Bí Lápàdé bá ń sọ̀rọ̀, ohùn wọn á ki. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọ̀daràn, wọ́n á fi imú sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e sórí sípíkà kékeré tí mo fi ń dán fóònù wò. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Mo ṣàlàyé. Lọ́jọ́ kẹta, òun àti vulcanizer iwájú wa ti gbé àga wá kí n tó ṣí i. Nígbà tó tán lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní ìyókù ńkọ́? Mo ní ìyókù wà nínú ìwé lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n kà á. Ibi tí mo wà nìyẹn o. Mo máa ń kà á fún wọn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ọjà bá ti rọ̀. Tíṣà sà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ kí ohùn yín pẹ́ fún wa.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Àmín, ọmọ mi. Má jẹ́ kí wọ́n mú ọ sáré. Sọ fún ìyá oníẹ̀wà pé mo kí i.

Àṣàbí Ìdúmọ̀tà

Ìyá Ìbejì, mo ti ro ìbéèrè yín. Ẹ tọ̀nà, Thomas fẹ́ fi í kọ́ àwọn obìnrin lọ́gbọ́n ni, kò fọwọ́ kan àwọn ọkùnrin. Àmọ́ mo rò pé obìnrin náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fún un ní ẹnu láti jẹ́wọ́, ẹnu náà wá ń gbádùn ara rẹ̀. Bóyá torí ẹ̀ ni àwọn ará Èkó fi gbà pé èèyàn ni, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́. Wọn kì í fi owó ránṣẹ́ sí ìwàásù.

Àǹtí Télọ̀, ọ̀rọ̀ Tíṣà nípa ìwé yíyá ti bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n mo ti fi ẹ̀dà mi rán dírẹ́bà kan tó ń bọ̀ ní Òṣogbo ní ọ̀la. Inú àpò ìrẹsì kékeré ló wà, mo kọ nọ́ńbà yín sí i. Káàdì ìpè ìgbéyàwó yẹn wà nínú rẹ̀, ẹ máa fi bo Gẹ̀ẹ́sì.

Télọ̀ Òṣogbo

Ó ti dé ọwọ́ mi láti ọjọ́ Ẹtì, Àṣàbí. Mo dá báàgì kékeré kan fún un láti inú àǹkárá tó ṣẹ́kù, kí eruku aṣọ má baà wọ̀ ọ́.

Tíṣà, a ṣe bí ẹ ṣe wí nílé Ìrágbèje: ọjọ́ kan, ìmọ̀ràn kan. Èyí tó kéré jù yẹn jókòó sórí àga gíga tí mo fi ń gé aṣọ, ó ń kà á jẹ́jẹ́. Wọ́n gbọ́ o. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan nínú wọn ní ká tún ti àná kà. Ọjọ́rú la parí ìwé náà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí la tún fẹ́ kà.

Mo jẹ́ kí wọ́n yan án fúnra wọn. Mo sọ ohun tí olúkúlùkù yín sọ níbí fún wọn, títí kan ohun tí ẹ̀yin Tíṣà kọ̀ àti ìbéèrè Ìyá Ìbejì. Sẹ̀gilọlá ni wọ́n mú. Wọ́n tilẹ̀ mú iná lọ lónìí kí agogo mẹ́wàá tó lù, lẹ́tà kìíní la kà. Mi ò tíì sọ fún wọn pé Thomas ló kọ ọ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ wò wọ́n.

Nígbà tó kà á tán, wọ́n dákẹ́. Èyí tó dàgbà jù, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ń gán húùkù sí ẹ̀yìn bùláọ̀sì kan. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọ̀gá mi, wọ́n padà rí oògùn fún màmá yẹn ṣá?"